Aṣọ Ẹtù Abẹ́ Rélùwéè

Ẹ bá mi wo irú ọkọ tí mo fẹ́ o. Ahunṣọ ni, ọmọ ahunṣọ, ọmọ-ọmọ ahunṣọ, ní Ìṣẹ́yìn tí ọmọdé ti ń gbọ́ ìró òfì kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń fún àkọ́bí wa lọ́mú títí di ìgbà tí àkọ́bí náà fi bí ọmọ tirẹ̀, Bàbá Waheedat kò hun aṣọ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bí oníbàárà bá dé, á ní, "Ẹ má bínú, iṣẹ́ wà lórí òfì mi." Òfì wo? Òfì kò sí nílé wa. Òfì tó ń wí wà ní Ìbàdàn, lábẹ́ ilẹ̀, nínú omi, lẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù tí ìjọba fi dí i pa. Aṣọ tó sì wà lórí rẹ̀, èmi Àdìjátù ni mo ni ín.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi ń le, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Èyí kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tó ń lọ.

Ṣùkúrù ni orúkọ ọkọ mi. Bàbá rẹ̀, Àríyọ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́, bàbá náà kì í sì í ṣeré rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún Ṣùkúrù, níwájú gbogbo agbolé, bàbá gbé ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́, igi kékeré tí ń gbé òwú kọjá láti ọ̀tún sósì yẹn. Ó ní, "Ṣùkúrù, èyí tí o bá bẹ̀rẹ̀ ni kí o parí kí o tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọjọ́ tí o bá gé e lórí òfì kọ́ ló parí o. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá gbà á lọ́wọ́ rẹ ló parí." Gbogbo wọn ṣe àmín. Kò sí bàbá ahunṣọ tí kì í sọ irú rẹ̀ fún ọmọ. Àwọn ọmọ yòókù á ṣe àmín, wọ́n á jẹun, wọ́n á gbàgbé. Ọkọ tèmi kò gbàgbé.

Gbígba aṣọ nínú agbolé wọn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ni aṣọ á na ọwọ́ méjèèjì, ahunṣọ á gbé e lé e lọ́wọ́. Onítọ̀hún á gbé e lé èjìká òsì, á ní, "Mo gbà á, ó wù mí." Ahunṣọ á ní, "Ẹ̀mí yín á lò ó." Ìgbà yẹn ni ọwọ́ ahunṣọ tó tú sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lónìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ òfì á máa ṣe kàyéfì pé kí ni ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń wá lábẹ́ rélùwéè. Òwú tí wọ́n ń hun kì í ká jọ sójú kan. Wọ́n á ta á gbọọrọ síwájú ahunṣọ, á gùn lọ réré, wọ́n á so òkúta mọ́ ọn lọ́hùn-ún kó lè le. Bí aṣọ ṣe ń gùn lọ́wọ́ ahunṣọ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ilẹ̀ tó gùn, tó tẹ́jú, tí òjò kò sì ní kàn án. Lásìkò òjò, ibo lẹ ti fẹ́ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé ẹlẹ́bí púpọ̀?

Ní Ìbàdàn, àwọn òyìnbó tó la ojú irin ti gbẹ́ ọ̀nà kan sábẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́, kí àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ lè fi ẹsẹ̀ gba abẹ́ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gùn, ó tọ́, ó tutù, ó sì gbẹ. Àwọn àgbà ahunṣọ rí i, wọ́n ní ibi tí Ọlọ́run pèsè fún wọn rèé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á di òfì, wọ́n á gbọ̀nà Ìbàdàn. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀bá ògiri kan, èrò á máa gba ẹ̀bá ògiri kejì kọjá. Àwọn tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ á dúró máa wò wọ́n, ọkọ̀ á sì fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè gan-an máa ń wá dúró gba atẹ́gùn lọ́dọ̀ wọn.

Ọdún tí mo bí Waheedat, Ṣùkúrù lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọ̀ṣẹ́nì bá a lọ, àwọn méjèèjì ni òfì wọn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kó tó lọ, ó bi mí irú aṣọ tí mo fẹ́ fi ṣe Iléyá àkọ́kọ́ tí ọmọ wa máa ṣe láyé. Mo ní ẹtù ni mo fẹ́. Ẹtù, ẹ mọ̀ ọ́n, aṣọ aró tó dúdú dáadáa, tí ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Aṣọ àwọn ìyá onílé ni, ọmọdé ni mí nígbà náà, ojú mi ń wò ó lára wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ojú ẹ tóbi o, Ìyá Waheedat." Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní ìyá ẹnìkan, inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ.

Ó ta òwú náà lábẹ́ rélùwéè. Ó hun ún dé ìdajì.

Nígbà tó yá ni àwọn jàgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibẹ̀ dọdẹ èèyàn. Wọ́n ṣe obìnrin kan léṣe, ariwo gba ìlú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àwọn ahunṣọ gòkè lọ kírun. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bá ilẹ̀kùn irin lẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo gbàǹgbà lórí rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ti gé aṣọ tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti ká a sínú àpò. Ti ọkọ mi wà ní títa sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Wọ́n padà, ó tún ní lọ́la. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá wọn lóhùn, òjò ńlá kan rọ̀, omi wọlé síbẹ̀, ìjọba sì kó búlọ́ọ̀kù wá, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà náà pa.

Àwọn yòókù sunkún òfì wọn, wọ́n padà sílé, wọ́n gbẹ́ òmíràn. Ọkọ mi jókòó. Mo ní, "Ẹ ò ṣe gbẹ́ òfì tuntun?" Ó ní, "Aṣọ rẹ kò tíì parí." Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, pé yóò kọjá. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Ọmọ kò lè jẹ ìbànújẹ́. Mo ra àwo fífẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan gààrí. Òun náà gba ilẹ̀ lọ́nà Ìgànná, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Ẹ ò rí àgbẹ̀! Ebè rẹ̀ tọ́ gbọọrọ bí òwú tí wọ́n ta, ṣùgbọ́n iṣu inú rẹ̀ kò tó ọwọ́ ọmọ tuntun. Èéfín gààrí ló fọ́ ojú mi díẹ̀díẹ̀, òun náà sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sóko. Bí a ṣe tọ́ Waheedat àtàwọn àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo Iléyá ni àwọn obìnrin agbolé máa ń dá mi dúró. "Ìyàwó ahunṣọ, aṣọ rẹ dà?" Èmi náà á ní, "Ó ń bọ̀ lórí òfì." A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó ń kan mí lẹ́nu. Ọ̀ṣẹ́nì tiẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun á hun ẹtù fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun mọ̀. Mo ní ó ṣeun. Kí n fi ahunṣọ sílé kí n lọ gbaṣọ lọ́wọ́ ahunṣọ ìta? Ṣíọ̀! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Mo mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá Alfa Wàhábì, nítorí mo rò pé ìbúra ló dè é. Alfa wá sílé wa. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá búra tí kò lè mú un ṣẹ, ẹ̀sìn ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un: kó bọ́ àwọn aláìní tàbí kó gba ààwẹ̀, Ọlọ́run á yọ̀ǹda rẹ̀. Ọkọ mi fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Alfa. Ṣùgbọ́n èmi kò búra. Mo ṣèlérí fún bàbá mi ni." Alfa wojú mi, èmi náà wojú Alfa. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyá Waheedat, ẹ máa ṣe sùúrù." Ṣé sùúrù ni mi ò ní tẹ́lẹ̀ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni ọkọ mi. Kì í parọ́, kì í jalè, kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Bó bá ní òun ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ìwà tí mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ ni ìwà tó pa wá lára. Ta ni mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọdún yìí. Waheedat, tó ń gbé ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní rédíò? Wọ́n ti ṣí ọ̀nà abẹ́ rélùwéè yẹn." Ó ní nítorí ọkọ̀ ojú irin tuntun ni, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n tún un ṣe, gbogbo àwọn ọ̀gá ńláńlá ti wá gé rìbọ́ọ̀nù, èrò sì ti ń gbà á kọjá. Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó dúró ti òpó, ó fi ọwọ́ kan mú un.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọ fìlà rẹ̀. Ó pọ́n abẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé aṣọ lórí òfì, ó fi àkísà wé e. Ó wá mú àpò ìrẹsì kan tó mọ́, ó ká a pẹlẹbẹ, ó tì í sí abíyá. Mo ní, "Kí ni ẹ fẹ́ fi àpò ṣe?" Ó ní, "Kí ni èèyàn ń fi àpò ṣe? A ó fi gbé aṣọ rẹ bọ̀." Ẹ̀rín pa mí. Mo rín in dé ibì kan, ó gé. Mo wọlé lọ wá ìborùn mi.

Mo mọ̀. Ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Ta ni kò mọ ohun tí omi ń fi òwú ṣe? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ń bà mí ju ti aṣọ lọ. Ọkọ mi ti dàgbà. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí kò bá nǹkan kan, kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí i? Àwáwí tó fi ń gbé ayé ni ògiri búlọ́ọ̀kù yẹn. Wọ́n ti wó o báyìí. Bí kò bá rí ọ̀nà gbà jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wọ sàréè, pẹ̀lú iṣẹ́ lórí òfì. Èyí tí mò ń bẹ Ọlọ́run sí nìyẹn, ní gbogbo ọ̀nà Mọ́níyà, tí eruku ń wọlé lójú fèrèsé, tí orúnkún mi ń ro mí.

Waheedat wá pàdé wa ní gáréèjì, ó mú wa débẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Háà, ibẹ̀ mọ́! Wọ́n ti lẹ táìsì funfun mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, iná ń tàn yòò, wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ ojú irin sára ògiri kan. Àwọn èrò ń sáré kọjá, gbogbo wọn fi fóònù sétí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà pé kò sí ọjà títà, kò sí ìjókòó, kò sí ìdúró. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ olómi-ọsàn ló ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń tọ́jú ibẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà rẹ̀, Débọ́lá.

Ọkọ mi lọ bá a. Ó ṣí fìlà díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ kó òfì mi sí?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Òfì ta ni, bàbá?"

"Tèmi. Ẹ̀gbẹ́ ògiri níbí ló wà. Ó ní aṣọ lórí."

Débọ́lá wo Waheedat, ó wò mí, ó rí i pé kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà nínú wa. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀, omi ló wà níbí, ó mu èèyàn dé àyà. Ẹrẹ̀ ni wọ́n kó lẹ́yìn omi. Tipper ló ń kó o lọ dà nù fún ọjọ́ pípẹ́. Mi ò rí òfì o. Ẹ má bínú, sà."

Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ọwọ́ tọ́ táìsì. Ó lọ, ó bọ̀. Kò mọ ojú ibi tó jókòó sí mọ́, gbogbo rẹ̀ ti di funfun. Mo ń wò ó. Ìgbà tó gbé ojú sókè ló rí i. Òrùka irin kan wà lájà tí wọ́n fi ń gbé àtùpà kọ́ láyé ọjọ́sí. Wọ́n kùn ún lọ́dà, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́. Ó dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ibí ni. Ọ̀ṣẹ́nì wà lápá ọ̀tún mi." Ó tú àpò ìrẹsì, ó gbọ̀n ọ́n, ó wo inú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kọjá lókè orí wa, gbogbo àjà ń mì.

Nígbà tí ariwo náà lọ, ó ká àpò náà padà pẹlẹbẹ. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Iṣẹ́ ṣì wà lórí òfì."

Wálàhí, nǹkan kan já nínú mi. Èèyàn tó ti fi gbogbo ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe sùúrù ni mí, ṣùgbọ́n sùúrù náà parí lábẹ́ rélùwéè lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, "Lórí òfì wo? Ṣùkúrù, lórí òfì wo?" Mi ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀. Waheedat di apá mi mú. "Mọ̀ọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá." Mo ní kí wọ́n máa wò. Mo ní, "Ẹ fẹ́ kú bẹ́ẹ̀? Ẹ fẹ́ kí n máa yan gààrí títí n ó fi fọ́jú tán, kí n tún wá jókòó ti òkú tó ní iṣẹ́ lórí òfì? Ó rẹ̀ mí o! Ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí! Kí ni bàbá yín wí? Ẹ tún un wí kí n gbọ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Wọ́n ní iṣẹ́ kò tíì parí àfi bí ẹni tó ni ín bá gbà á."

"Ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni."

Ìgbà tí ó ní ìwọ ni, ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo bi í. Ẹ wo gbogbo ọdún yìí. Ẹ wo bí mo ti lọ bá Alfa, bí mo ti ń sunkún sínú èéfín. Ẹni tó lè tú u sílẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ̀ nínú wa. Ó ń dúró de aṣọ, èmi náà ń dúró de aṣọ.

Mo tún ìborùn mi ṣe. Mo kúnlẹ̀ lórí táìsì, orúnkún mi ké. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Mo ní, "Ẹ gbé e fún mi."

Ó ní, "Kí ni n ó gbé?"

"Ẹtù mi. Èyí tí ẹ hun fún mi nígbà tí mo bí Waheedat. Mo ti wá gbà á. Ẹ gbé e fún mi, Bàbá Waheedat."

Àwọn èrò ń yà wá sílẹ̀ kọjá. Ọkọ mi wo ọwọ́ mi. Ó yọ abẹ nínú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí òfì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó fi abẹ náà gé afẹ́fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan. "Bísímílà," ó ní. Ó dá abẹ padà sínú àkísà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ká a, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, kò kánjú. Ó gbé e wá. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé tèmi. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni, ó le, ó gbóná.

Mo gbé e lé èjìká òsì. Mo ní, "Mo gbà á. Ẹ kú iṣẹ́. Ó wù mí."

Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀mí rẹ á lò ó."

Waheedat ti dojú kọ ògiri. Débọ́lá rìn wá bá wa, ó na ọwọ́ sí mi kí n lè fi dìde. Kò lé wa. Ó kàn bi wá jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ ti parí, mà?"

Ọkọ mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "A ti parí, ọmọ mi."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, ó sùn kí a tó kúrò ní Mọ́níyà. Èjìká òsì mi ló gbé orí lé. Èmi kò sùn. Mo jókòó, mo ń wo igbó tó ń kọjá, inú mi sì bàjẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Aṣọ kan ṣoṣo tí ọkọ mi ṣèlérí fún mi láyé yìí, mo ti gbà á, kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn aṣọ yẹn. Mo ti mọ ìborùn tí n bá lò mọ́ ọn.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, mo gbọ́ tí èèyàn ń kan èèkàn nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé Ọ̀ṣẹ́nì. Ọ̀ṣẹ́nì ló fún un ní òfì ògbólógbòó kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ọwọ́ ọkọ mi kò gbàgbé iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ni kò rí òwú dáadáa mọ́, èmi ni mò ń bá a so èyí tó bá já, bí ojú tèmi náà kò tiẹ̀ sàn jù ú lọ. Bí a bá ṣe díẹ̀, a ó sinmi. Àgbàlagbà ni wá, ẹ̀yìn ń dùn wá.

Kó tó ta òwú àkọ́kọ́, ó pè mí. Ó gbé òwú aró dúdú dání àti funfun díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Waheedat, ẹtù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí n hun ún fún ọ ní tòótọ́."

Mo wo òwú náà. Aró rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an. Bí mo bá ní kó hun ún, irọ́ ni mo pa lábẹ́ rélùwéè nìyẹn, àkọ́kọ́ kò parí, yóò sì tún gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn ń gbaṣọ, Bàbá Waheedat. Ẹ hun ti ẹlòmíràn. Èmi ti gba tèmi."